Àfikún bùráúsà: ìbéèrè àti ìdáhùn nípa bí a ṣe ń dán an wò kí a tó fún un ní ìràwọ̀

Láti bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn ni mo ti ń dán àfikún bùráúsà wò. Firefox ni mo ń lò jù, Chrome sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìbéèrè tí àwọn èèyàn ń bi mí léraléra ni mo kó jọ síbí. Ẹ máa rí i pé ọ̀rọ̀ kan ni mo ń tẹnu mọ́ jù: ìràwọ̀ tí èèyàn bá fún àfikún, ìyẹn máàkì láti 1 dé 5, ẹ̀rí ló jẹ́. Ẹlòmíì máa gbára lé e, á sì gbé nǹkan náà wọ inú ẹ̀rọ rẹ̀. Ohun tí a bá fojú rí ni ká máa jẹ́rìí sí.

Kí là ń pè ní àfikún bùráúsà?

Bùráúsà ni ètò tí ẹ fi ń wo íntánẹ́ẹ̀tì: Firefox, Chrome, Edge, Safari àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Àfikún ni ètò kékeré tí ẹlòmíì ṣe, tí ẹ lè so mọ́ bùráúsà yín kó lè ṣe ohun tí kò mọ̀ ọ́n ṣe tẹ́lẹ̀. uBlock Origin ń dí ìpolówó ọjà lọ́nà, Dark Reader ń sọ ojú ewé funfun di dúdú kí ojú má baà máa ro wá lálẹ́, Bitwarden ń bá wa tọ́jú páswọ́ọ̀dù. Àwọn kan ń pè é ní add-on, àwọn kan ń pè é ní extension; nǹkan kan náà ni.

Kò dà bí áàpù orí fóònù tó wà láyè ara rẹ̀. Àárín ẹ̀yin àti ojú ewé tí ẹ ń kà ló máa ń jókòó sí. Bí ẹ bá ń kọ lẹ́tà, ó lè wà níbẹ̀. Bí ẹ bá ń wo àkáǹtì báńkì yín, ó lè wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ìdí nìyí tí mi ò fi ń fojú kékeré wo àfikún kankan, bó ti wù kó kéré tó.

Níbo ni kí n ti gbà á?

Ti Firefox wà ní addons.mozilla.org, ti Chrome wà ní Chrome Web Store. Edge ní tirẹ̀, ó sì lè gba ti Chrome náà. Ẹ má gba àfikún láti ojú ewé tó ṣàdédé yọ, tó ní kí ẹ tẹ ibì kan kí fídíò tó lè ṣí.

Kódà lórí ibùdó gidi, ẹ wo orúkọ ẹni tó ṣe é. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2017, ayédèrú Adblock Plus, àfikún kan tó ń dí ìpolówó, wà lórí Chrome Web Store. Èèyàn bí 37,000 ti gbà á kí wọ́n tó yọ ọ́ kúrò. Tèmi ni pé màá kọ́kọ́ lọ sí ìkànnì àwọn tó ṣe é gan-an, ibẹ̀ ni màá ti tẹ líǹkì tó lọ sí ibùdó.

Kí ni kí n kọ́kọ́ wò kí n tó fi í sórí ẹ̀rọ?

Àṣẹ tó ń tọrọ. Kí ẹ tó wo ìràwọ̀, kí ẹ tó ka ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni, ẹ wo àṣẹ. Bí ẹ bá ti tẹ bọ́tìnì, fèrèsé kékeré kan máa yọ, á to ohun tí àfikún náà fẹ́ ṣe lẹ́sẹẹsẹ. Ọ̀pọ̀ wa kì í kà á. Ibi tí “bẹ́ẹ̀ ni” wà là ń wá.

Èyí tó wúwo jù ni àṣẹ láti rí dátà yín lórí gbogbo ìkànnì. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ohunkóhun tí ojú yín bá rí nínú bùráúsà, àfikún náà lè rí i, ó sì lè yí i padà. Àwọn kan wà tí wọn ò lè ṣiṣẹ́ láìní i. Èyí tó ń dí ìpolówó gbọ́dọ̀ wo ojú ewé kó tó mọ ohun tó máa dí. Èyí tó ń sọ ojú ewé di dúdú gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ni aago tó ń sọ àkókò ìlú òkèèrè ń wá nínú ojú ewé báńkì mi? Bí iṣẹ́ àti àṣẹ ò bá ti bára mu, mi ò ní dán an wò rárá, bó bá tiẹ̀ lẹ́wà bí egbin.

Lórí Chrome, ẹ lè dín àṣẹ náà kù lẹ́yìn tí ẹ bá ti gbà á. Ẹ lọ síbi àlàyé àfikún náà, kí ẹ yàn án pé ìgbà tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ nìkan ni kó máa ṣiṣẹ́.

Ìràwọ̀ rẹ̀ jẹ́ 4.7, àwọn tó ń lò ó lé ní mílíọ̀nù kan. Ṣé ìyẹn ò tó?

Kò tó. Ìràwọ̀ ń sọ pé ohun tí àwọn èèyàn rí tẹ́ wọn lọ́rùn. Kò lè sọ ohun tí wọn ò rí, bẹ́ẹ̀ ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Ẹ wo Web of Trust. Iṣẹ́ rẹ̀ gan-an ni kó máa sọ fún èèyàn bóyá ìkànnì kan ṣeé fọkàn tán. Àwọn tó ń lò ó ló ń fún àwọn ìkànnì ní máàkì. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2016, àwọn oníròyìn ilé iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n NDR ní Jámánì tú àṣírí pé àkọsílẹ̀ ibi tí àwọn tó ń lò ó ń lọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ń bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì, àti pé èèyàn lè ti inú rẹ̀ mọ ẹni tí oníkálukú jẹ́. Ó kúrò lórí àtẹ Firefox àti ti Chrome nígbà náà. Ó dùn mí púpọ̀, torí pé àwọn tó ń ṣọ́ra ló gbà á: àwọn tó fẹ́ mọ ibi tó léwu kí wọ́n tó débẹ̀.

The Great Suspender náà ńkọ́? Ó máa ń mú kí táàbù tí a ò lò sùn kí RAM, ìyẹn àyè ìrántí tí kọ̀ǹpútà fi ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, lè fúyẹ́. Iṣẹ́ rẹ̀ dáa, àwọn tó ń lò ó sì lé ní mílíọ̀nù 2. Ní ọdún 2020, ẹni tó ṣe é tà á fún ẹlòmíì tí kò fara hàn. Nígbà tó di oṣù kejì ọdún 2021, Google, àwọn tó ni Chrome, dí i pa nítorí pé kóòdù burúkú (kóòdù ni ìlànà tí ètò ń tẹ̀ lé) wà nínú rẹ̀. Ìràwọ̀ tó kó jọ lọ́wọ́ ẹni àkọ́kọ́ ni ẹni kejì jogún.

Bí mo ṣe ń ka ìràwọ̀ nìyí: ọ̀rọ̀ tó tuntun jù ni mo ń wá, mo sì máa ń bẹ̀rẹ̀ látorí àwọn tó fún un ní 2 àti 3, torí pé wọ́n sábà máa ń ṣàlàyé. Bí “ó dára gan-an” bá ya wọlé lọ́pọ̀ yanturu lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ẹ fura. Lórí ibùdó Firefox, ẹ tún wo àmì tí wọ́n kọ Recommended sí. Àwọn òṣìṣẹ́ Mozilla, àwọn tó ni Firefox, máa ń yẹ kóòdù àwọn yẹn wò dáadáa. Ìyẹn ni mo fọkàn tán ju ìràwọ̀ lọ.

Báwo ni kí n ṣe dán an wò tí nǹkan mi ò fi ní bàjẹ́?

Ẹ má dán an wò nínú bùráúsà tí ẹ fi ń ṣiṣẹ́. Ẹ ya àyè mìíràn sọ́tọ̀ fún un. Lórí Firefox, ẹ kọ about:profiles síbi tí à ń kọ àdírẹ́sì sí, kí ẹ dá profile tuntun sílẹ̀. Lórí Chrome, ẹ tẹ àwòrán yín tó wà lókè lọ́wọ́ ọ̀tún, kí ẹ fi profile mìíràn kún un. Àyè tuntun yìí kò ní páswọ́ọ̀dù yín, kò mọ ibi tí ẹ ti lọ rí, kò sì tíì wọ àkáǹtì kankan. Bí àfikún náà bá jẹ́ olè, ilé òfìfo ló wọ̀.

“Àyẹ̀wò” ni mo sọ tèmi, mo sì kùn ún ní pupa láti òkè délẹ̀. Tí mo bá ti rí pupa yẹn, mo ti mọ̀ pé mi ò gbọdọ̀ kọ páswọ́ọ̀dù kankan síbẹ̀.

Ẹyọ kan lẹ́ẹ̀kan ni kí ẹ máa dán wò. Bí ẹ bá kó mẹ́ta wọlé lọ́jọ́ kan tí bùráúsà wá bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ bí ìgbín, ta lẹ máa mú?

Ọjọ́ mélòó ló yẹ kí n fi lò ó?

Ọjọ́ méje ni tèmi. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ohun gbogbo máa ń dùn. Ọjọ́ kẹta, ìkẹrin lẹ máa tó mọ̀ pé ó máa ń gbàgbé ètò tí ẹ ti ṣe sí i bí ẹ bá pa bùráúsà tán, tàbí pé ó ń bẹ̀bẹ̀ fún owó ní gbogbo àárọ̀.

Àfikún kan ní òun ń dín dátà kù. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá òótọ́ ni?

Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ràn jù, torí pé owó wa ló wà nídìí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹ lè wọ̀n ọ́n fúnra yín láìgba ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni gbọ́.

Lórí kọ̀ǹpútà, ẹ pa àfikún náà ná, kí ẹ ṣí ojú ewé ìwé ìròyìn kan tí ìpolówó kún inú rẹ̀ fọ́fọ́. Ẹ tẹ F12. Pátákó kan máa yọ sísàlẹ̀ tàbí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ yan Network lórí rẹ̀, kí ẹ sì máàkì ibi tí wọ́n kọ Disable cache sí, kí bùráúsà má baà lo ohun tó ti fi pamọ́ tẹ́lẹ̀. Ẹ tún ojú ewé náà ṣí. Ìlà á máa já wálẹ̀ ṣọ̀ọ̀ṣọ̀ lójú yín. Ìlà kọ̀ọ̀kan, nǹkan kan tí bùráúsà lọ gbé wá ni: àwòrán, fọ́ńtì (ìrísí lẹ́tà), ìpolówó, ẹni tó ń ṣọ́ yín. Ẹ dúró títí gbogbo rẹ̀ á fi dákẹ́. Nísàlẹ̀ pátápátá, ẹ máa rí iye ìgbà tó béèrè nǹkan àti iye MB tó wọlé. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé. Lẹ́yìn náà, ẹ tan àfikún náà, kí ẹ ṣe gbogbo rẹ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ẹ ṣe é nígbà mẹ́ta-mẹ́ta, torí pé ìpolówó kì í jẹ́ ọ̀kan náà nígbà gbogbo. Ẹ lo ìkànnì tí ẹ̀yin fúnra yín ń lọ lójoojúmọ́. Nọ́ńbà tí ẹ bá rí yẹn ni kí ẹ kọ síbi ìràwọ̀. Ó ju “ó yá gan-an” lọ nígbà ọgọ́rùn-ún.

Ti RAM ńkọ́? Lórí Firefox, ẹ kọ about:processes síbi àdírẹ́sì. Lórí Chrome, ẹ tẹ Shift àti Esc pọ̀. Ẹ máa rí bùráúsà àti ìwọ̀n ohun tí àwọn àfikún ń jẹ níbẹ̀.

Mo fi í sórí ẹ̀rọ, kò ṣiṣẹ́. Ṣé kí n fún un ní ìràwọ̀ 1?

Ẹ sinmi ná. Ẹ̀sùn tí mo máa ń rí jù nìyí, ó sì sábà máa ń jẹ́ pé àfikún ò jẹ̀bi.

Èèyàn á gba àfikún tán, á wá dúró sórí ojú ewé tó ti gbà á, á máa retí kó ṣiṣẹ́. Kò ní ṣiṣẹ́ níbẹ̀! Firefox kì í jẹ́ kí àfikún fọwọ́ kan addons.mozilla.org, Chrome náà kì í jẹ́ kó fọwọ́ kan Chrome Web Store. Wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀ kí àfikún burúkú má baà máa bá yín tẹ “bẹ́ẹ̀ ni” fún àfikún burúkú mìíràn. Ẹ lọ sí ìkànnì mìíràn. Bí ìkànnì yẹn bá ti wà ní ṣíṣí kí àfikún tó dé, ẹ tún un ṣí.

Bó bá jẹ́ fèrèsé ìkọ̀kọ̀ (private tàbí incognito) lẹ wà, àfikún kì í ṣiṣẹ́ níbẹ̀ àyàfi tí ẹ bá fún un láṣẹ. Bí ẹ bá sì ti ní méjì tó ń ṣe iṣẹ́ kan náà, irú bí ẹ̀rọ ìdípolówó méjì, ẹ pa ọ̀kan ná, torí wọ́n lè máa dí ara wọn lọ́wọ́.

Tí ẹ bá ti ṣe gbogbo èyí tí kò yí padà, ó yá, ẹ sọ ọ́.

Ṣé ohun kan wà tí àwa tó ń ka Yorùbá ní láti fi dán an wò?

Ó wà, ibẹ̀ ló sì dùn mí jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí, torí pé bí àwa ò bá sọ ọ́, kò sẹ́ni tó máa bá wa sọ ọ́.

Nínú kọ̀ǹpútà, ẹ àti ọ ní nọ́ńbà tiwọn. É àti ò náà ní tiwọn. Ṣùgbọ́n ọ̀ tó ru àmì lókè tó tún ní àmì lábẹ́, kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Nǹkan méjì ni kọ̀ǹpútà so pọ̀. Àfikún tó ń pààrọ̀ fọ́ńtì lè já ìso yẹn. Ẹ máa rí i tí àmì òkè á ṣí kúrò lórí lẹ́tà, á lọ jókòó sí àárín ọ̀ àti lẹ́tà tó tẹ̀ lé e, bíi fìlà tó ń bọ́ lórí onífìlà.

Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí: mo ní ojú ewé kan tí mo kọ ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, ọ̀kọ̀ àti oko sí. Ọkọ ìyàwó, ọkọ́ tí a fi ń roko, ọkọ̀ tí a ń wọ̀, ọ̀kọ̀ tí ọdẹ ń jù, oko tí àgbẹ̀ ń lọ. Màá ní kí àfikún tó ń kó ọ̀rọ̀ pamọ́ bá mi gbé e, màá wá wo ohun tó fi pamọ́. Bí gbogbo wọn bá di oko, àfikún yẹn ò wúlò fún mi, bó bá tiẹ̀ ní ìràwọ̀ bí ojú ọ̀run.

Ẹ tún wo líǹkì. Ìlà tí wọ́n máa ń fà sábẹ́ líǹkì lè gbé àmì abẹ́ ẹ àti ọ mì, pàápàá bí àfikún bá ti sọ ojú ewé di dúdú. Ẹ sún mọ́ ọn, kí ẹ wò ó dáadáa. Ti àfikún tó ń ka ìwé sétí, ohùn tó wà lórí ẹ̀rọ yín ni ó sábà máa ń lò. Bí ohùn Yorùbá ò bá sí níbẹ̀, ohùn Gẹ̀ẹ́sì ló máa fi kà á, ohùn òkè àti ìsàlẹ̀ á sì dàrú. Kí ẹ sọ ohun tí ẹ gbọ́.

Fóònù nìkan ni mo ní. Ṣé mo lè dán an wò?

Bẹ́ẹ̀ ni, lórí Android. Chrome orí Android kì í gba àfikún, ṣùgbọ́n Firefox ń gbà á. Láti oṣù kejìlá ọdún 2023 ni wọ́n sì ti ṣílẹ̀kùn fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún tuntun, dípò ìwọ̀nba díẹ̀ tó wà tẹ́lẹ̀. Lórí iPhone, Safari ló ń gba àfikún, láti inú App Store. Ẹ kọ ọ́ sínú ẹ̀rí yín pé orí fóònù lẹ ti lò ó.

Ìràwọ̀ mélòó ló yẹ kí n fún un?

Tèmi nìyí. 5 ni mo fún èyí tó ṣe ohun tó ṣèlérí, tí kò tọrọ àṣẹ tó ju iṣẹ́ rẹ̀ lọ, tí mo sì gbé wọ inú bùráúsà iṣẹ́ mi lẹ́yìn ọjọ́ méje. Bí mi ò bá lè gbé e wọ ibẹ̀, kò lè rí 5 gbà lọ́wọ́ mi. 4 ni ti èyí tó dáa tó ní àléébù kan tí mo lè fara dà. Èyí tó ń ṣe dáadáa lónìí tó ń kọṣẹ́ lọ́la, 3. Èmi kì í sábà lo 2. 1 ni mo pa mọ́ fún ẹ̀tàn: èyí tó sọ pé òun ń ṣe nǹkan kan, tó wá ń ṣe òmíràn. Mi ò ní fún ẹni tó gbìyànjú tí kò rí i ṣe ní máàkì kan náà pẹ̀lú olè.

Kí ni kí n kọ sí i?

“Kò ṣiṣẹ́” kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Èyí ni mo kọ fún àfikún kan lẹ́nu àìpẹ́ yìí:

“Mo lò ó fún ọ̀sẹ̀ kan lórí Firefox, Windows 11. Ó ń sọ ojú ewé di dúdú dáadáa. Ṣùgbọ́n nínú ìwé Yorùbá, àmì abẹ́ ẹ àti ọ kì í hàn bí ọ̀rọ̀ náà bá jẹ́ líǹkì. Mo pààrọ̀ fọ́ńtì, kò yàtọ̀. Nígbà tí mo pa àfikún náà, àmì padà wá. Yàtọ̀ sí èyí, kò sí wàhálà.”

Ẹni tó ṣe é lè mú ìyẹn, kó lọ wo ibi tó ti ṣẹ̀. Bó bá fi líǹkì ìrànlọ́wọ́ síbẹ̀, ẹ kọ́kọ́ gba ibẹ̀ kàn sí i kí ẹ tó kọ ìràwọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ò gba kọ́bọ̀ lórí iṣẹ́ yìí. Alẹ́, lẹ́yìn iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ wọn, ni wọ́n ń ṣe é.

Ṣé mo lè kọ ọ́ ní Yorùbá?

Ẹ kọ ọ́. Ọmọ Yorùbá mìíràn máa rí i. Bí ẹ bá fẹ́ kí ẹni tó ṣe é tètè lóye, ẹ fi gbólóhùn kan tàbí méjì ní èdè Gẹ̀ẹ́sì sísàlẹ̀ rẹ̀.

Àfikún kan ní kí n fún òun ní ìràwọ̀ 5 kí òun tó ṣí apá kan fún mi.

Ẹ má fún un. Ẹ tẹ ibi ìfẹjọ́sùn lójú ewé rẹ̀, kí ẹ yọ ọ́ kúrò.

Mo ti fún un ní ìràwọ̀ 5 lọ́dún tó kọjá, ó wá yí padà. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ padà lọ tún un kọ. Ẹ̀rí tó ti gbó lè ṣi èèyàn lọ́nà, ó sì ti ṣẹlẹ̀ sí èmi náà. Mo ní àfikún kan tí mo fi ń ya àwòrán ojú ewé, mo fún un ní 5. Lọ́jọ́ kan tí mo ń kánjú, fèrèsé kékeré yọ, ó ní ẹ̀dà tuntun ń tọrọ àṣẹ kan sí i. Mo tẹ “gbà” láìkà á. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, bí mo bá wá nǹkan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó máa ń gba ibì kan tí mi ò mọ̀ kọjá fírí kó tó débi tó ń lọ. Mo ń pa àwọn àfikún mi lọ́kọ̀ọ̀kan títí mo fi bá a. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo padà lọ sọ 5 di 1, mo kọ nọ́ńbà ẹ̀dà náà síbẹ̀. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn dòní ni àwọn tó ti rí 5 mi kí n tó yí i.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹni tó jẹ̀bi kí ẹ tó yí i. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2017, Firefox 57 jáde, àwọn àfikún tí wọ́n ṣe lọ́nà àtijọ́ ò sì ṣiṣẹ́ mọ́. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2019, ìwé ẹ̀rí tí Mozilla fi ń buwọ́ lu àfikún kọjá àkókò, gbogbo àfikún àwọn èèyàn bá kú lẹ́ẹ̀kan náà kí wọ́n tó tún un ṣe. Ní tòótọ́, kò sí èyí tó jẹ́ ẹ̀bi ẹni tó ṣe àfikún. Lẹ́nu àìpẹ́ yìí náà, Chrome kọ ìlànà àtijọ́ tí uBlock Origin ń lò, ìyẹn ló jẹ́ kí wọ́n máa rí uBlock Origin Lite níbẹ̀. Èyí tó pé ṣì ń ṣiṣẹ́ lórí Firefox. Nítorí náà, ẹ máa dárúkọ bùráúsà yín nínú ẹ̀rí, torí orúkọ lè jọra kí iṣẹ́ má jọra.

Mo ti yọ èyí tí mi ò fọkàn tán kúrò. Ṣé ó ti tán nìyẹn?

Kò tíì tán bó bá jẹ́ pé inú bùráúsà iṣẹ́ yín ló wà. Ẹ wò ó bóyá ibi tí ẹ fi ń wá nǹkan àti ojú ewé àkọ́kọ́ yín ṣì wà bí ẹ ṣe fi í sílẹ̀. Páswọ́ọ̀dù tí ẹ kọ láàárín àsìkò tó wà níbẹ̀, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ti báńkì àti ti ímeèlì ni kí ẹ fi ṣáájú. Kí ẹ sì jáde kúrò nínú àwọn àkáǹtì yín lórí gbogbo ẹ̀rọ, torí pé ẹni tó ti jí kúkì, ìyẹn àmì kékeré tí ìkànnì fi ń dá ẹni tó ti wọlé mọ̀, lè wọlé láìmọ páswọ́ọ̀dù. Bí àfikún náà bá ti ní kí ẹ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ òun, ẹ lọ pa àkáǹtì yẹn rẹ́ níbẹ̀. Yíyọ tí ẹ yọ ọ́ nínú bùráúsà kò kan ohun tó ti kó pamọ́ sọ́dọ̀ ara rẹ̀.